Ọjọ́ Tí Sáfà Kún

Kò sí ọjọ́ tí inú ń bí ọmọ tó ń gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ọjọ́ tí géèmù rẹ̀ bá di ọ̀tun. Ọjọ́ ayọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù ti ń polówó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta-mẹ́rin: ilẹ̀ tuntun ń bọ̀, ogun tuntun ń bọ̀, aṣọ àti ìbọn tí ojú ò rí rí ń bọ̀. Àwọn ọmọ ti tọ́jú owó dátà. Wọ́n ti mọ wákàtí tí yóò ṣí, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ sí aago Nàìjíríà. Ìgbà tí wákàtí ọ̀hún wá pé, gbogbo ayé tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ń dá gbogbo wọn lóhùn, kún, kálukú wá jókòó síwájú òrùka kékeré kan tó ń yí lójú fóònù tàbí lójú kọ̀ǹpútà, tí kò sọ fún un bóyá kó dúró tàbí kó lọ sùn.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ìsàlẹ̀ Mápó ní Ìbàdàn, láàárín Bẹẹrẹ sí Bẹyẹrúnkà, láti ìgbà tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan ní káfè, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó “night browsing” kí wọ́n lè lo íntánẹ́ẹ̀tì mọ́jú lówó pọ́ọ́kú. Fóònù ti pa káfè. Àwa tó ṣẹ́kù gbé géèmù wọlé, a ń forúkọ sílẹ̀ fáwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò, a ń bá wọn yẹ èsì wò, a ń tẹ̀wé. Inú yàrá kan náà ni ọmọ tó ń gbá géèmù àti ìyá tó ń wá èsì ọmọ rẹ̀ ti ń jókòó ti ara wọn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rí i pé ohun kan náà ló ń bí àwọn méjèèjì nínú lọ́jọ́ tí sáfà bá kún. Kì í ṣe pé wọ́n ń dúró. Ọmọ Ìbàdàn mọ ìdúró. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò ní Bẹẹrẹ nírọ̀lẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé wọn kò mọ ibi tí wọ́n dúró sí, wọn kò mọ iye ẹni tó wà níwájú wọn, ibi tí wọ́n sì dúró sí ọ̀hún, ẹ̀rọ lè gbà á lọ́wọ́ wọn nígbàkigbà láìsọ ìdí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé nẹ́tíwọọkì wa ni?” Ìbéèrè yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. N kò bínú sí i, nítorí nẹ́tíwọọkì wa náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn wáyà ńlá tó gba abẹ́ òkun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́ nílẹ̀ káàkiri títí dé inú báńkì. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ilé-iṣẹ́ géèmù níbẹ̀. Nítorí náà mo máa ń kọ́kọ́ ṣí nǹkan mìíràn wò. Bí ìròyìn bá ṣí, tí fídíò ń lọ geere, tó jẹ́ géèmù nìkan ló kọ̀, mo máa ń ní kí ọ̀kan nínú wọn pe ẹni tó mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston. Bí ẹni yẹn náà bá ní òrùka lòun ń wò, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Kì í ṣe ráútà wa. Èrò ló pọ̀ ju sáfà lọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ibẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Kí ẹnì kan tó wọ inú géèmù, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Sáfà kan á yẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ wò. Òmíràn á wò ó bóyá ó ti sanwó ẹ̀dà tuntun. Òmíràn á lọ kó ẹrù rẹ̀ jáde: ìbọn, aṣọ, owó, ipele tó ti dé. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n á tó wá àyè fún un lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jà. Àyè lè wà rẹpẹtẹ lórí ilẹ̀ ogun kó sì jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń yẹ orúkọ wò ló dí. Lọ́jọ́ lásán, ẹni tó ń wọlé láàárọ̀ kọ́ ló ń wọlé lálẹ́, ẹrù sáfà pín sí wákàtí mẹ́rìnlélógún. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ tuntun bá ṣí, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbẹ́yìn, ibi tí wọ́n ti ń yẹ orúkọ wò ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ dákú.

Àwa tó ń dúró náà tún ń bù kún un. Ọmọ tẹ̀ ẹ́, kò ṣí, ó tún un tẹ̀. Sáfà kò mọ̀ pé ẹni ìṣáájú náà ló padà dé. Ó kà á sí ìbéèrè tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn tàbí kó lé e. Bí ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì nígbà mẹ́wàá mẹ́wàá, ìbéèrè mílíọ̀nù kan ni sáfà rí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń pariwo mọ́ wọn pé, “Ẹ yé tẹ̀ ẹ́!” Wọ́n rò pé mo ń dáàbò bo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù mi. Ẹni tó kọ géèmù dáadáa máa ń kọ ọ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sinmi díẹ̀ kó tó tún béèrè, kí ìsinmi ẹ̀ẹ̀kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ti ẹlòmíràn má sì bọ́ sí àkókò kan náà pẹ̀lú tìrẹ. Iṣẹ́ kékeré ni, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí géèmù olówó ńlá tí wọn kò ṣe é sí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń ní kò bọ́gbọ́n mu láti ra sáfà rẹpẹtẹ nítorí ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan èrò á ti fọ́n, ẹ̀rọ á jókòó lásán, owó iná á máa gorí owó iná. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí odò Ògùnpa gbà kọjá ni mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, omi tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 òjò rọ̀, omi náà bo ilé, ó bo ọjà, ó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ìkún omi náà tí wọ́n ń pè ní Omíyalé sì di ohun tí àwọn tó rí i fi ń ka ọdún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbẹ́ ojú odò náà fẹ̀, tí wọ́n fi kọnkéré mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó kún ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wọn kò fi ọjọ́ tó fà wọ̀n ọ́n. Omi tún kún ìlú lára ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. N kò fi géèmù wé ẹ̀mí tó bá omi lọ. Ìṣirò ni mo fi wé ìṣirò. Òjò kò kọ̀wé ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ géèmù ló fúnra rẹ̀ mú ọjọ́, òun ló mú wákàtí, òun ló gba owó lọ́wọ́ àwọn kan sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ó mọ iye ẹni tó ń bọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti lè mọ̀ ọ́n lọ.

Ìgbà mìíràn wà tí owó wà tí ẹ̀rọ kò sì sí. Final Fantasy XIV, géèmù ilé-iṣẹ́ Square Enix ti Japan, ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi sọ̀rọ̀ jù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ẹ̀ka tuntun rẹ̀, Endwalker, fáwọn tó ti sanwó sílẹ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn ènìyàn fi ń dúró kí wọ́n tó wọlé. Géèmù náà ní ìlà, ó sì ń fi nọ́ńbà ìlà han ènìyàn, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó wà lórí ìlà ní ibùdó sáfà kan bá ti kọjá 17,000, sáfà á máa lé àwọn tó kù padà pẹ̀lú nọ́ńbà àṣìṣe tó di òkìkí, 2002. Nọ́ńbà kan náà yìí tún ń já ẹni tó ti wà lórí ìlà dànù bí nẹ́tíwọọkì rẹ̀ bá mì díẹ̀. Bó bá tètè padà, ó lè bá ipò rẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá tètè padà, ẹ̀yìn ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́. Kò lè dìde lọ gbé ìkòkò kaná. Kò lè rẹjú. Ó gbọ́dọ̀ jókòó máa ṣọ́ ìlà. Àwọn tó sì ti wọlé kò fẹ́ jáde mọ́, wọ́n ń wá ọgbọ́n tí ẹ̀rọ kò fi ní lé wọn jáde bí wọ́n bá lọ jẹun, àwọn tó wà níta sì ń pẹ́ sí i.

Naoki Yoshida, ẹni tó ń darí géèmù náà, kọ̀wé sáwọn oníbàárà léraléra. Ó ṣàlàyé pé ọ̀wọ́n semiconductor, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe kọ̀ǹpútà, tó gba gbogbo ayé nígbà náà kò jẹ́ kí àwọn rí sáfà tuntun rà bí àwọn ṣe fẹ́. Ó sọ ohun tí 2002 jẹ́, ó sọ iye ẹni tí ìlà lè gbà, ó tọrọ àforíjì. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọjọ́ 7 ọ̀fẹ́ kún ti àwọn tó ń sanwó oṣù. Nígbà tó di àárín oṣù náà wọ́n fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un, wọ́n sì ṣe ohun tí n kò rí irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá: wọ́n dáwọ́ títà géèmù náà dúró. Ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ẹni tó bá ti ń tajà rí mọ bó ṣe nira tó láti dá owó oníbàárà padà nítorí pé ilé kún. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìṣòro sáfà, n kò rí ẹ̀rí òótọ́ tó ju èyí lọ.

Géèmù mìíràn, Diablo III, ló ṣáájú Endwalker nínú irú ìṣòro yìí ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, àṣìṣe 37 sì ni tirẹ̀. Èyí tó burú nínú rẹ̀ ni pé kódà ẹni tó fẹ́ dá nìkan gbá a nínú yàrá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ojú sáfà kọjá. Inú bí àwọn ènìyàn débi pé ní Gúúsù Korea, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìṣòwò lọ tú ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà wò lórí ọ̀rọ̀ dídá owó padà.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí géèmù World of Warcraft Classic ṣí, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó fi ìdí ọ̀rọ̀ mi múlẹ̀. Àwọn tó ríbi wọlé bá èrò pàdé nínú géèmù náà fúnra rẹ̀. Ọ̀tá tí wọ́n ní kí kálukú pa kò ju ẹyọ kan lọ, bí wọ́n bá sì pa á, ó gba àkókò kó tó tún jáde. Wọ́n ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Dípò ìyẹn, ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n tò. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n tò, géèmù náà kò sì ní ìlànà fún un. Jagunjagun àti oṣó dúró sẹ́yìn ara wọn lórí òkè àti nínú ihò, ẹni tó ṣe tirẹ̀ tán á kúrò, ẹni tó kàn á bọ́ síwájú. Àwọn ènìyàn kan náà tó ń bú ilé-iṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà níta ni wọ́n ń fi sùúrù dúró nínú ibẹ̀. Níta, òrùka ni wọ́n ń wò. Nínú géèmù, wọ́n ń rí ẹ̀yìn ẹni tó ṣáájú wọn.

Àwa náà mọ irú ìlà yìí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni NCC, àjọ tó ń mójú tó ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, kéde pé kí gbogbo síìmù tí kò bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN di títì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n padà sún ọjọ́ náà síwájú léraléra, àmọ́ kí wọ́n tó sún un, èrò ti ya bo gbogbo ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún NIN. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kí ilẹ̀ tó mọ́ á fa ewé kan ya nínú ìwé, á kọ “1,” á kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú rẹ̀, á sì máa kọ ti àwọn tó ń dé tẹ̀ lé e. Bí ìwọ bá jẹ́ ẹni ogójì, o mọ̀ pé ẹni ogójì ni ọ́. O lè lọ mu ẹ̀kọ, o lè lọ kí ẹbí rẹ ní Ọjà'ba, kí o padà, orúkọ rẹ ṣì wà níbẹ̀. Ìjà kì í ṣaláì wà, pàápàá bí ẹnì kan bá gba ẹ̀yìn wọlé. Síbẹ̀, ewé ìwé yẹn ń ṣe ohun tí sáfà géèmù olówó gọbọi kò lè ṣe: ó ń tọ́jú ipò ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀wọ́n owó náírà tó wáyé lóṣù Kejì ọdún 2023 fi òdìkejì rẹ̀ hàn wá. Owó bébà kò sí, gbogbo ìlú sáré lọ sórí gbígbé owó láti fóònù dé fóònù, sáfà kò sì gbà á. Mo dúró ti obìnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Ọjà'ba lọ́jọ́ kan. Oníbàárà rẹ̀ na fóònù sí i, owó ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ìyá ní kò tíì wọlé, àlẹ́ẹ̀tì kò dún. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Owó ọ̀hún wà ní ibì kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí, báńkì tó wà lójú fóònù sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀ pé ó ń lọ lọ́wọ́. Àlùbọ́sà wà nílẹ̀ láàárín wọn. Ìyá kò lè gbé e fún un, oníbàárà kò lè lọ láìgbé e. Bí báńkì bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé “aago mẹ́rin ni yóò wọlé,” wọn ì bá ti rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ.

Èyí tó dùn mí jù nínú ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù mi ni ti ọmọkùnrin kan tó wá gbá géèmù lálẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ tuntun ṣí. Géèmù tirẹ̀ ní nọ́ńbà ìlà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti díẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀: ó ń wò ó bó ṣe ń wálẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà. Nígbà tó ku bí ọgọ́rùn-ún, NEPA mú iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ráútà ti kú, ó sì gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jí. Ó tún wọlé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pa á,” ó dìde, ó lọ sílé. Ẹni tó kọ ìlà yẹn kọ ọ́ fún ilé tí iná kì í kú. Bó bá fún ẹni tí iná rẹ̀ kú ní ìdajì wákàtí kó fi padà sí ipò rẹ̀, kò ní ná an ní nǹkan kan ju ìlà kan tàbí méjì nínú ìwé orúkọ tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọ̀fẹ́ tí Square Enix fún àwọn oníbàárà tún wà nílẹ̀. Ọjọ́ 7, ọjọ́ 14, ó dára fún ẹni tó ń sanwó oṣù látinú báńkì rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi kì í sanwó oṣù, wákàtí ni wọ́n ń rà. Dátà tí wọ́n sì fi gba ẹ̀dà tuntun sílẹ̀ kì í ṣe owó kékeré láti ìgbà tí NCC ti fọwọ́ sí àfikún ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìpè àti dátà lóṣù Kìíní ọdún 2025. Owó epo jẹnẹrétọ̀ tèmi náà kò tún dà bíi ti àtijọ́ mọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023. Wákàtí tí ọmọ fi wo òrùka, ó ti san án tán, ilé-iṣẹ́ géèmù kò sì mọ̀ pé ó wà láyé.

Nítorí náà, ní ṣọ́ọ̀bù mi, aago kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí ọmọ yóò fi wọ inú géèmù. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ tuntun bá ń ṣí, mo máa ń gbé pátákó kan sẹ́nu ọ̀nà, mo kọ aago tí sáfà dí sí i, mo kọ ohun tí ilé-iṣẹ́ sọ bí wọ́n bá sọ nǹkan, mo kọ aago tí n óò tún dán an wò. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé, mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ipò tó wà, mo sì ń pè é lórí fóònù bó bá ti ṣí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Òkè Mápó ní àdánù ni, pé epo tí mo ń jó fún ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ géèmù, èmi ni mo ń ru ú. Òótọ́ ni, mò ń ru ú. Àwọn ọmọ náà kì í sì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ́jọ́ kejì. Ibi tí ọwọ́ mi kò tó ni ti ilé-iṣẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń sanwó oṣù: kí wọ́n wá bí wọn yóò ṣe ka nǹkan fún ẹni tó ń sanwó wákàtí ní Bẹẹrẹ pẹ̀lú.